Iná Pupa Orí Ìbọn Bàbá Mi

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Dagenham kì í ṣe òtútù. Wọ́n ti ka ìtàn òtútù sí mi létí nílé títí ó fi sú mi, mo sì ti múra dè é. Ìkíni ló bà mí lẹ́rù. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì tí mo dé, mo rí ìyá àgbà òyìnbó kan lẹ́nu ọ̀nà ilé tó kángun sí tiwa, mo sì kúnlẹ̀ kí i gẹ́gẹ́ bí ọmọ tí wọ́n bí ire. Ìyá náà wo ilẹ̀. Ó rò pé nǹkan mi ló jábọ́. Ni òun náà bá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń bá mi wá a láàárín koríko, mi ò sì mọ bí mo ṣe máa sọ fún un pé kò sí ohun tó sọnù. A jọ wá a títí ó fi rẹ ìyá náà.

Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ fún Bàbá mi lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. Ó ní kí n tún un sọ. Mo tún un sọ, ó tún rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ ohun tí ìpè tí mo máa ń pè é ní gbogbo ọjọ́ Àìkú wà fún. Mi ò lè sọ fún un pé mo máa ń lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko láìsí ẹni tó pe orúkọ mi bó ṣe yẹ ká pè é. Èyí tó bá pani lẹ́rìn-ín ni mo máa ń ṣà jọ fún un, bí èèyàn ṣe ń ṣa ẹ̀wà, tí màá da òkúta inú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan fún ara mi.

Ọdẹ ni Bàbá mi ní ìlú wa ní Òkè-Ògùn. Ẹran ìgbẹ́ ló rán èmi àti Kọ́lá àbúrò mi nílé ìwé. Nígbà tí ẹran dínkù nínú igbó, tí àwọn ajínigbé sì bẹ̀rẹ̀ sí í dá àwọn àgbẹ̀ lọ́nà, àwọn ọdẹ ìlú di ẹ̀ṣọ́ ojú ọ̀nà oko. Bàbá wà lára wọn bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ìbọn ẹlẹ́nu kan tó ní ìwé àṣẹ ló ń gbé kọ́ èjìká. Láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, ìbọn náà ni ẹnì kejì rẹ̀.

Èmi, yàrá kan ni mo gbà ní Eastbrook, ní Dagenham náà, lọ́dọ̀ Màmá Ìjẹ̀bú, tí a jọ ń lọ sí ìjọ aláṣọ funfun kan náà. Mo sì rí iṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Dagenham Dock, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù kì í ti í sinmi. Nílé, mo ní tábìlì àti àga tó ń yí. Níbí, ìdúró ni. Wọ́n fún wa ní ẹ̀rọ kan tí a ń dì mú bí ìgbà tí èèyàn di ìbọn mú. O máa fi ìka tẹ̀ ẹ́, iná pupa á jáde, o máa tan án sí àmì tó wà lára páálí, ẹ̀rọ náà á ké pí-ì, ó ti mọ ohun tó wà nínú páálí nìyẹn. Lóṣù àkọ́kọ́, ẹ̀rọ yẹn ni mo bá ṣe wọléwọ̀de jù lọ nínú ìlú Lọ́ńdọ̀nù.

Lọ́jọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, mo ṣe àpèjúwe ẹ̀rọ náà fún Bàbá. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ó ń tan iná pupa?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ibi tí iná bá bà, ibẹ̀ náà ló máa kà."

"Kì í tàsé?"

"Kì í tàsé, Bàbá."

"Bí àwọn òyìnbó yìí bá lè ṣe é fún páálí, wọn ò ní ṣàì ṣe é fún ìbọn. Bá mi wò ó, ọmọ mi. Èyí tó kéré, tí kò ní wúwo lórí ìbọn."

Mi ò bi í pé kí ló fẹ́ fi ṣe. Mo kàn sọ ọ̀rọ̀ tí gbogbo àwa tó wà lókè òkun máa ń sọ. "Ẹ má ṣèyọnu, sà. Màá fi ránṣẹ́."

Ẹni tó wà nílé kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe máa ń yára bọ́ lẹ́nu wa. A ti sọ ọ́ nípa oògùn, nípa bàtà, nípa fóònù, kí a tó mọ ibi tí wọ́n ti ń tà á. Bí o bá ní kí wọ́n jẹ́ kí o wò ó ná, wọ́n á ní ìyà ń jẹ ọ́ níbẹ̀. Bí o bá ní rárá, wọ́n á ní o ti di òyìnbó. Nítorí náà, "màá fi ránṣẹ́" ni àmín tiwa, a ó ti ṣe é kí àdúrà tó parí. Ẹyin sì lohùn. Kí ọjọ́ Àìkú mìíràn tó dé, Bàbá ti dìde ní ìpàdé ẹgbẹ́ ọdẹ, ó ti sọ fún gbogbo wọn pé ọmọ òun ń fi iná kan bọ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n máa ń dè mọ́ ìbọn, àti pé ẹni tó bá ní in kì í tàsé.

Ìgbà tí mo ń jẹun ọ̀sán níbi iṣẹ́ ni Kọ́lá pè mí. Olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni Kọ́lá, òun àti ìyàwó rẹ̀ ni wọ́n ń gbé pẹ̀lú Bàbá. Kì í pè mí ní irú àsìkò yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi nǹkan yẹn ránṣẹ́."

"Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ó ní Bàbá ti ń fi èjìká gbá férémù ilẹ̀kùn. Ó ní bí wọ́n bá gbé ife sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, yóò gbá a dànù, yóò sì ní àwọn ni wọn ò gbé e síbi tó dáa. Ìyẹn kọ́ ló wá já Kọ́lá láyà. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, lójú ọ̀nà oko, Làmídì aládùúgbò wa ń ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀ pẹ̀lú ìdì igi lórí. Bàbá gbọ́ ìró ewé. Ó yí padà pẹ̀lú ìbọn, ìka rẹ̀ ti wà níbi tí wọ́n ń tẹ̀. Làmídì ló figbe ta, tó ń pe orúkọ ara rẹ̀ bí ẹni tó ń ṣe ìdánwò.

"Ìbọn ò dún," ni Kọ́lá wí. "Ọlọ́run ló yọ wá. Gbogbo ọdẹ ìlú ló ti gbọ́."

"Kò sẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀ nínú wọn?"

"Ta ni yóò sọ ọ́? Ẹ̀yin náà mọ òfin wọn."

Mo mọ̀ ọ́n. Nínú ẹgbẹ́ ọdẹ ìlú wa, kò sí ẹni tó lè gba ìbọn lọ́wọ́ àgbà ọdẹ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ níwájú ẹgbẹ́ pé ojú òun kò gbé igbó mọ́. Ọjọ́ tó bá sọ ọ́ ni yóò gbé ìbọn lélẹ̀, kò sì ní gbé e mọ́ láyé. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sọ ọ́. Ọdẹ a máa ṣàròyé ẹ̀yìn, a máa ṣàròyé orúnkún, ṣùgbọ́n kì í dárúkọ ojú.

"Ìwọ ńkọ́, Kọ́lá? Ìwọ lo wà nílé."

"Èmi? Kí ẹ̀yin àkọ́bí wà láyé, kí èmi àbíkẹ́yìn wá sọ fún Bàbá pé kò ríran mọ́?"

Bí ẹrù ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ sí mi lórí nìyẹn. Mo jókòó ti oúnjẹ mi, mo ń rò ó. Bí mo bá fi iná náà ránṣẹ́, Bàbá yóò máa gbé ìbọn kiri, ó sì lè pa èèyàn. Bí mi ò bá fi ránṣẹ́, mo ti dójú tì í láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ọkàn mi wá ń tàn mí. Ó ní bóyá iná náà gan-an ló máa gbà á. Bóyá bí mo bá ra èyí tó dára jù lọ, Bàbá á máa rí ohun tó ń yìn kedere, kò sì ní ṣi èèyàn yìn mọ́. Mo gba ọkàn mi gbọ́ nítorí pé ó rọrùn ju kí n bá Bàbá sọ òótọ́ lọ.

Kévin, tó ń wa ọkọ̀ agbẹ́rù níbi iṣẹ́ wa, ni mo bi. Orí rẹ̀ pá, ẹnu rẹ̀ kì í sì í dákẹ́. Òun ni òyìnbó àkọ́kọ́ tó bi mí bí wọ́n ṣe ń kíni ní èdè mi. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ kí mi pé "ẹ káàárọ̀", aago mẹ́ta ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n omi bọ́ lójú mi, mo sì ṣe bí ẹni pé eruku páálí ló kó sí mi lójú. Mo mọ̀ pé ó máa ń lọ yìnbọn sí bébà lọ́jọ́ Sátidé ní ẹgbẹ́ ayìnbọn kan.

"Ta lo fẹ́ yìn, darling?" ló kọ́kọ́ bi mí. Nígbà tí mo ṣàlàyé, ó ní nǹkan náà wà, red dot ni wọ́n ń pè é, òun á sì mú mi lọ síbi tí wọ́n ti ń tà á.

Ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ni, lójú ọ̀nà tó lọ sí Essex. Bàbá arúgbó onígíláàsì kan ló ni ín, tí kì í kánjú sọ̀rọ̀. Ó kó mẹ́ta jáde fún mi lórí tábìlì. Ó ní kí n kọ́kọ́ mọ ohun kan: iná yìí kì í jáde lọ bá ẹran bíi ti ẹ̀rọ ibi iṣẹ́ wa. Inú gíláàsì ló máa ń wà. Ẹni tó ń wo inú rẹ̀ nìkan ló ń rí i. Ojú méjèèjì lèèyàn máa là sílẹ̀, kò ní di ọ̀kan. Bí wọ́n bá ti tò ó mọ́ ìbọn dáadáa, ibi tí àmì pupa náà bá bà ni ọta yóò lọ.

Àkọ́kọ́ gùn bí fèrè, ó sì wúwo. Mo dá a padà. Èkejì kò ju páálí ìṣáná lọ, gíláàsì kan ṣoṣo ló wà níwájú rẹ̀, kò sí ohun tó bo ẹ̀yìn. Mo bi í pé bí òjò bá rọ̀ sínú rẹ̀ ńkọ́? Bí eruku ọyẹ́ bá bò ó ńkọ́? Oníṣọ́ọ̀bù náà gbójú sókè wò mí, ó sì ti ìkẹta sí iwájú mi. Èyí kéré bí èkejì, ṣùgbọ́n gíláàsì dí i níwájú àti lẹ́yìn. Ó ní òjò kò lè rí inú rẹ̀. Mo béèrè bí àmì náà ṣe tóbi tó, nítorí mo rò pé èyí tó tóbi ló máa dára fún àgbàlagbà. Ó ní èyí tó tóbi máa ń yára hàn sójú lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó lè bo gbogbo ẹran tó bá jìnnà mọ́lẹ̀. Ó fi ibi tí wọ́n ti ń dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù hàn mí, pé nínú igbó tó ṣókùnkùn, bí iná bá pọ̀ jù, òun nìkan lèèyàn á máa rí. Ó bi mí bóyá irin tí wọ́n ń de irú nǹkan yìí mọ́ wà lẹ́yìn ìbọn Bàbá. Mo ní kò sí. Ó ní a jẹ́ pé ẹni tó mọ iṣẹ́ ìbọn ní láti bá a ṣe é, àti pé kí n má ṣe kì í bọnú àpò ẹni tó ń lọ sílé o, ìjọba gbọ́dọ̀ fún mi láṣẹ kí ó tó kúrò ní ìlú yìí. Mo ní màá gba àṣẹ. Ìkẹta yẹn ti wọ̀ mí lójú. Mo ti ń rí i lórí ìbọn Bàbá.

"Kọ́kọ́ wo inú rẹ̀ ná," ló wí. Ó dè é mọ́ ráífù kan, ó gbé e sórí tábìlì fún mi. Kí n tó fọwọ́ kàn án, mo ní kí ó ṣí i, kí n rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Òun àti Kévin wo ara wọn. Orí mi wú díẹ̀. Ó pẹ́ tí mo ti ṣe ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé, tí ẹnì kan níbí sì rí i pé ẹ̀kọ́ ni.

Mo fi ẹnu ìbọn náà sọ́nà bébà kan lára ògiri. Àmì pupa yọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe àmì tó yí roboto. Ó fọ́n ká bí ata tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀, ó ní ìrù lápá ọ̀tún, ó ní ìrù nísàlẹ̀.

"Èyí ti bàjẹ́," ni mo wí.

Kévin gbà á, ó wò ó. "Ó yí dáadáa."

Oníṣọ́ọ̀bù náà wò ó. "Ó yí. Madam, iná wà bó ṣe yẹ. Ojú rẹ ni."

Kò sọ ọ́ bí èébú. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń rí i bẹ́ẹ̀ tí wọn ò sì mọ̀ títí wọ́n á fi dé ìdí irú gíláàsì yìí, pé kí n lọ yẹ ojú mi wò. Mo dúró síbẹ̀. Ìbéèrè tí mo ti ń sá fún wá jáde lẹ́nu mi. Mo sọ fún un nípa férémù ilẹ̀kùn, nípa ife, nípa Làmídì. Mo bi í bóyá iná yìí lè ran irú ojú bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́.

Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó ń fi ẹ̀wù nù ún. "Ó lè fi ibi tí ọta ń lọ hàn án. Kò lè fi ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ hàn án." Kò tà á fún mi lọ́jọ́ náà. Ó ní òun á bá mi fi í pamọ́ títí tí ọ̀rọ̀ ojú yóò fi yanjú.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gbìyànjú. Mo ti kọ́ ọ̀rọ̀ náà sórí bí ọmọ ilé ìwé.

"Bàbá, mo rí i. Ó dára. Ṣùgbọ́n mi ò tíì rà á."

"Kí ló dé?"

"Mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ lọ yẹ ojú yín wò ní Ìbàdàn, sà."

Mo gbọ́ bó ṣe ń mí. "Ta ló sọ fún ọ pé nǹkan ń ṣe ojú mi?"

"Kò sẹ́ni kankan, sà. Mo kàn rò pé..."

"Mo ti ń ka ẹsẹ̀ ẹran nínú igbó kí n tó fẹ́ ìyá rẹ. Ohun tí àgbà bá rí ní ìjókòó, bí ọmọdé gun orí igi kò lè rí i. Bí o ò bá lówó, kí o sọ pé o ò lówó." Ó sì pa fóònù.

Ó dùn mí wọra. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo pè é, kò gbé e. Èyí tó tún tẹ̀ lé e, ìyàwó Kọ́lá ló gbé e, ó ní Bàbá ń sùn. Ní ọ̀sán gangan! Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí àjò jẹ́. Òtútù kọ́, iṣẹ́ kọ́. Nígbà tí bàbá rẹ bá ń bínú sí ọ ní ìlú kan náà, o lè lọ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ láìsọ nǹkan, kí o máa ṣa ewé títí yóò fi béèrè bóyá o ti jẹun. Níbí, fóònù ni ẹ̀yìnkùlé. Bí wọn ò bá gbé e, kò sí ibi tí o fẹ́ jókòó sí.

Mo lọ yẹ ojú mi wò ní Dagenham Heathway, ní ṣọ́ọ̀bù kan tí kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin. Ọmọbìnrin tó yẹ̀ ẹ́ wò jẹ́ ọmọ Nàìjíríà tí wọ́n bí síbí. Bó ṣe gbọ́ orúkọ mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Auntie.

"Chin up for me, Auntie. Ẹ má sún sẹ́yìn. Lovely."

Ó fẹ́ atẹ́gùn sí mi lójú, mo fò bí ẹni tí kòkòrò ta. Ó ní kí n máa tẹ nǹkan kan ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí iná kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú mi. Mo jókòó, mo ń dúró de iná. Ó pẹ́ kí ó tó yọ. Nígbà tó parí, ó ní iná ti ń yọ láti ìgbà tí mo ti jókòó.

"Auntie, anyone in your family with glaucoma? Mummy? Daddy?"

"Mi ò mọ̀."

"You need to ask them. Please. For real, it matters."

Ó ṣàlàyé glaucoma, àrùn ojú náà, fún mi ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Omi inú ojú ló ń tì í láti inú, kì í dunni, ẹ̀gbẹ́ ojú ló sì máa ń kọ́kọ́ mú lọ, díẹ̀díẹ̀, tí onítọ̀hún kò ní mọ̀. Ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ó fi mí ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn, wọ́n sì sọ ohun kan náà níbẹ̀. Wọ́n ní a tètè rí i. Wọ́n fún mi ní oògùn tí màá máa kán sójú ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo. Bí mo ṣe ń bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo ń yí ọrùn sọ́tùn-ún sósì bí ẹyẹ, mo fẹ́ mọ ohun tí mi ò rí.

Màmá Ìjẹ̀bú wà ní kíṣìnì nígbà tí mo wọlé. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì sunkún.

"Oh, my dear. Pẹ̀lẹ́. Jókòó." Ó gbé tíì sí iwájú mi. "Ṣé you've told your daddy?"

"Kì í gbé fóònù mi, mà. Bí mo bá sì tún dárúkọ ojú, ìjà ni."

"Ojú tiẹ̀ lo dárúkọ nígbà yẹn. Have you told him about your own? Ojú ọmọ ẹ̀ ńkọ́?" Ó jókòó tì mí. "Àwọn bàbá wa yìí, they won't go to hospital for themselves. But for their child? Má bá a sọ̀rọ̀ ìbọn rárá. Just tell him the truth."

Mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ sórí fóònù Kọ́lá pé ara mi ò yá. Kò pẹ́ tí fóònù mi fi dún. Bàbá ni, òun fúnra rẹ̀ ló pè.

"Kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ojú mi ni, Bàbá."

"Kí ló ṣe é?" Ohùn tó fi ń bínú ti kúrò lẹ́nu rẹ̀ pátápátá.

Mo sọ orúkọ àrùn náà fún un. Mo ní dókítà fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà nínú ẹbí wa, nítorí bí ó bá wà, bí wọ́n ṣe máa ṣọ́ tèmi yóò yàtọ̀.

"Ṣé ó ń dùn ọ́?"

"Kì í dunni, sà. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń mú lọ. Ohun tó wà níwájú, èèyàn á máa rí i kedere. Ẹni tó bá ti ẹ̀gbẹ́ bọ̀, kò ní rí i."

Mo ń gbọ́ ìró adìẹ ní àgbàlá wa.

"Ẹ̀gbẹ́," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa. Ọlọ́run á wò ọ́ sàn." Ó sì pa fóònù.

Kọ́lá ló ròyìn ìyókù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ lọ́jọ́ Ajé, Bàbá ti wọ aṣọ tó máa ń wọ lọ sí ilé ìjọsìn, ó dúró sí àgbàlá, ó ní kí Kọ́lá mú òun lọ sí Ìbàdàn kí wọ́n wo ojú òun, nítorí dókítà ọmọ òun ń dúró de èsì. Wọ́n wò ó. Ojú òsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán. Ojú ọ̀tún ṣì ń ríran níwájú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti lọ. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò dá èyí tó kù dúró. Bí wọ́n ṣe ti Ìbàdàn dé, kò wọlé. Ó gba ilé ìpàdé ẹgbẹ́ ọdẹ lọ, ó gbé ìbọn rẹ̀ lélẹ̀ níwájú gbogbo wọn, ó sì fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ó tún pe Làmídì, ó bẹ̀ ẹ́. Kọ́lá ní Olúọdẹ ló kọ́kọ́ dìde, ó mú ọwọ́ Bàbá, ó fà á padà sórí ìjókòó rẹ̀.

Kévin bá mi sọ fún oníṣọ́ọ̀bù náà pé kí ó ta iná pupa rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ó mú mi lọ sí ẹgbẹ́ wọn. Mo ti wọ gíláàsì tuntun tí ọmọbìnrin Heathway yẹn fún mi nítorí bí iná ṣe ń fọ́n ká lójú mi, èyí tí kò kan àrùn náà. Mo wo inú irú nǹkan náà lórí ráífù rẹ̀, àmì pupa náà sì yí roboto bí orí ìṣáná. Mo yìn ín sí bébà, mo sì bà á. Àwọn bàbá àgbà tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún mi. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ó wù mí kí ẹnì kan wà níbẹ̀ tó máa kì mí ní oríkì ọdẹ.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ìrìn àjò Ìbàdàn, Bàbá pè mí kí ìsìn tó parí. Mo jáde síta láìwọ bàtà, nínú aṣọ funfun mi, mo dúró lórí kọnkéré tútù.

"Sọ fún dókítà rẹ pé ó wà nílé wa," ló wí. "Ọ̀dọ̀ mi ló ti wá. Má bínú, ọmọ mi. Ohun tí mo fẹ́ kí o jogún lọ́dọ̀ mi kọ́ nìyí."

Bàbá mi kò bẹ̀ mí rí láyé. Mo sunkún níbẹ̀ títí Màmá Ìjẹ̀bú fi gbé bàtà wá fún mi.

Ní báyìí, ní ìrọ̀lẹ́ gbogbo, fóònù wa ń dún. Kọ́lá ló máa ń kán oògùn sójú Bàbá, ṣùgbọ́n Bàbá kì í gbà kí wọ́n fọwọ́ kan òun títí mo fi máa kán tèmi.

"O ti kán an?"

"Mo ti kán an, sà."

"Ojú méjèèjì?"

"Méjèèjì, sà."

"Ó dáa. Kọ́lá, wá kán tèmi."

Wọ́n ní lẹ́yìn tí oògùn bá ti wọlé, kí èèyàn pa ojú dé fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà a máa ń jókòó bẹ́ẹ̀, òun nínú àgbàlá, èmi lórí bẹ́ẹ̀dì ní Eastbrook, fóònù wà létí àwa méjèèjì, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Mo ti lé ní ogójì ọdún. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ni Bàbá á rọra sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ wálẹ̀ bí ìgbà tí mo ṣì kéré, tí ó mú mi dání lọ sínú igbó.

"Má tíì ṣí i o. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ."